Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Yàtọ̀ Sí Ẹrẹ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Ìgò Mọ̀ Ọ́n, àti Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́

Ibi tí a ti ń lu bùlọ́ọ̀kù tà ni mo ní ní Kubwa, ní Àbújá níbí. Bí ẹ̀rọ omi ò bá yọ, omi mai ruwa la fi ń po sìmẹ́ńtì, àwọn ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke tí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì sí. Inú dúrọ́ọ̀mù la máa ń da omi náà sí di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ìgbà òjò, Dámilọ́lá ọmọ mi bá mi dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí omi inú dúrọ́ọ̀mù kù díẹ̀, ó nàgà wò ó, ó ní, "Dádì, ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi yìí."

Mo ní, "Kì í ṣe ẹrẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Mo lanu, n ò rí nǹkan sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ po iyanrìn, ìdílé ẹlẹ́mu ni wọ́n sì ti bí mi, n ò lè ní n ò mọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àmọ́ ká mọ nǹkan yàtọ̀ sí ká lè là á yé ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá, tó jẹ́ pé òyìnbó ló fi ń lálàá. Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn tó fi yé e, tó sì la èmi náà lójú lẹ́nu iṣẹ́ ara mi, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ẹ lè ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ tiyín láàárín ọjọ́ méjì. Ike omi kan àti erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ ya àwọn ẹbí ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀

Ilẹ̀ àti omi bí ọmọ púpọ̀ nínú èdè wa, oníkálukú wọn ló sì ní orúkọ.

Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ tí omi rin títí tó fi rọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ó ń ta sí aṣọ. Bí òjò bá dá ní Nyanya tàbí ní Lugbe, ẹrẹ̀ lẹ ń fò kọjá bí ẹ bá ń lọ wọ ọkọ̀. Tó bá wá di pé ẹsẹ̀ ń rì sí i, àwọn kan á pè é ní pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, àwọn mìíràn á ní pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Èyí tí ìyá yín bá ń sọ ni kí ẹ dì mú, n ò dá sí ìjà yẹn. Ẹrọ̀fọ̀ jinlẹ̀ jù wọ́n lọ, ibi tí omi ti dúró pẹ́ la ti ń bá a, irú èyí tí màlúù lè kó sí tí wọ́n á máa fi okùn fà á jáde. Àbàtà ni a ń pe ilẹ̀ tí ẹrọ̀fọ̀ wà, kì í ṣe orúkọ ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀. Fàdámà tí àwọn Hausa ń sọ sún mọ́ àbàtà, àmọ́ kì í ṣe ìkan náà, nítorí ilẹ̀ etídò tí omi ń bò lásìkò òjò, tí wọ́n sì ń dá oko ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì sí, ni fàdámà.

Amọ̀ ní tirẹ̀, èyí tó ṣeé mọ ni. Ẹ mú owó 20 náírà jáde bí ẹ bá ní in lápò, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin tó jókòó ti ìkòkò yẹn ni Ladi Kwali, ará Gbagyi, ọmọ Kwali tó wà ní agbègbè olú ìlú wa yìí gan-an. Amọ̀ ló fi ṣe gbogbo iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹrẹ̀ ló fi mọ ìkòkò, ó ti rí obìnrin náà fín nìyẹn.

Gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, ilẹ̀ ni wọ́n, omi ló wá bá wọn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi, tàbí inú nǹkan mìíràn tó ń ṣàn, ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi dúró jẹ́ẹ́ ló tó wá ìsàlẹ̀ lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní kí Dámilọ́lá máa bi ara rẹ̀: Ṣé inú nǹkan olómi ló wà? Ṣé ó ti rọ̀ sísàlẹ̀? Bí mo bá fi igi rò ó, ṣé á tún gbéra sókè? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó fọkàn balẹ̀ pè é ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ó wá bi mí pé, ẹrẹ̀ tó wà lójú títì ńkọ́, tí omi dúró lé lórí? Ìbéèrè ọmọ yìí dára. Omi òjò tó dúró nínú kòtò, bó bá tòrò, ohun tó fẹ̀yìn lélẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí oòrùn bá fa omi náà gbẹ tán, tó ku èyí tó rọ̀ nílẹ̀, ó ti di ẹrẹ̀. Tó bá tún gbẹ sí i, ó di erùpẹ̀, atẹ́gùn ọyẹ́ á wá gbé e wọ ojú wa. Nǹkan kan náà ni. Ipò tó wà sí omi ló ń yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbé ìgò kalẹ̀

Ẹ wá ike omi tó mọ́ gaara, tí ara rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ní ìbàdí. Ẹ bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ẹ fọ́ ògúlùtu rẹ̀, kí ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò. Ẹ rọ ọ́ sínú ike náà dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ bu omi sí i títí yóò fi kù díẹ̀ kó kún, kí ẹ wá fi ṣíbí tíì kan ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun sí i. Ọṣẹ yẹn ṣe pàtàkì, òun ló máa tú àwọn hóró tó ti so mọ́ra wọn ká. Ẹ dé e pa, kí ẹ sì mì ín fún bí ìṣẹ́jú 5. Ọmọdé ni kó mì ín, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, apá yín ò sì ní dùn yín.

Kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé báwo ni omi yìí ṣe rí. Á ní ó dọ̀tí. Ẹ sọ fún un pé, "Omi náà ti rú." Ọ̀rọ̀ kìíní nìyẹn. Omi tó rú kì í ṣe omi tí ó dọ̀tí lásán, omi tí ohun inú rẹ̀ ti gbéra ni.

Ẹ gbé ike náà sórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò ní mì. Ẹ ka ìṣẹ́jú kan lórí aago, kí ẹ fi bírò fa ìlà sára ike náà níbi tí ohun tó ti rọ̀ sílẹ̀ ga dé. Iyanrìn nìyẹn. Hóró rẹ̀ tóbi, kì í fi àkókò ṣòfò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 2, kí ẹ tún fa ìlà kejì. Ohun tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni hóró kíkúnná tó ṣe lẹ́búlẹ́bú, tí ọwọ́ ò lè kà, tí eyín nìkan ló lè mọ̀ pé ó ń rún wúruwùru. Òun gan-an ni odò ń gbé kiri, òun ló sì pọ̀ jù nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù wa. Ẹ wá lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà míì ọjọ́ kẹta, ìlà kẹta á ti hàn, tín-ín-rín, tó ń dán. Amọ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn ò jọ dé ìsàlẹ̀? Ìwọ̀n wọn ni. Àwọn tó ń fi ilẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ máa ń pe hóró tó bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 2 wá sí 0.05 ní iyanrìn. Láti 0.05 sí 0.002 ni ti hóró lẹ́búlẹ́bú yẹn. Èyí tó bá kéré ju 0.002 lọ, amọ̀ ni. Bí hóró kan bá kéré sí èkejì ní ìlàjì, ìgbà tí yóò fi dé ìsàlẹ̀ á pọ̀ ní ìlọ́po 4. Ẹ wá fojú inú wo èyí tó kéré ní ìlọ́po 100. Yàtọ̀ sí kíkéré, àwọn hóró amọ̀ a máa ní agbára iná díẹ̀ lára, irú kan náà sì ni gbogbo wọn ní, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, wọn ò fẹ́ para pọ̀, wọn ò sì fẹ́ wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi kan fi lè dúró nínú kẹ́ẹ̀gì fún ọ̀sẹ̀ kan, kó ṣì máa pọ́n bí omi osùn. Pípọ́n yẹn náà, irin inú ilẹ̀ ló fà á. Ilẹ̀ pupa Àbújá yìí, ìpẹtà ló pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tó ń wà lára páànù tó ti gbó.

Nígbà tí Dámilọ́lá rí omi tó mọ́ lókè ike rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kejì: "Omi náà ti tòrò." Ó sáré gbé ike náà láti fi han ìyá rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí i pé omi ti tún rú. Ojú rẹ̀ fà ro. N ò ní láti ṣàlàyé mọ́ rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fún ẹ̀yin tó ń kọ́lé

Ẹni tí kò bá ra iyanrìn lè fo ibí yìí, àmọ́ èmi ò lè fò ó, torí ó ti jẹ mí lówó.

Ẹnì kan já típà iyanrìn méjì fún mi lọ́dún kan. Ojú rẹ̀ dára, iyanrìn tí à ń pè ní ṣáápù sáàǹdì ni wọ́n pè é. A po ó, a lu bùlọ́ọ̀kù, a sá a, a bomi rin ín bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kó o, igun rẹ̀ ń já sọ́wọ́ àwọn ọmọ bí búrẹ́dì àná. Mo bú ẹni tó po sìmẹ́ńtì, mo bú sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn tí Dámilọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ eré ìgò tirẹ̀ ni mo rántí pé ìyókù iyanrìn yẹn ṣì wà lẹ́yìn ògiri. Mo bù ú wò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ po ṣíbí tíì kan iyọ̀ mọ́ omi ìlàjì lítà. Ẹ bu omi iyọ̀ náà sínú ike tó tẹ́jú, ẹ rọ iyanrìn sí i, ẹ tún bu omi iyọ̀ lé e títí yóò fi bo iyanrìn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ mì ín, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ fọwọ́ gbá ara rẹ̀ pẹ́pẹ́ kí ojú rẹ̀ lè tẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 3. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ti tò lé iyanrìn lórí, àwọ̀ wọn ò ní jọra. Ẹ fi rúlà wọn gíga iyanrìn, ẹ wọn gíga gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹ fi ti iyanrìn pín ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Kò yẹ kó ju 8 lọ. Tèmi yẹn, iyanrìn ga tó mìlímítà 60, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ orí rẹ̀ jẹ́ 9. Ìdá 15 nínú 100 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń bo ara hóró iyanrìn bí ẹni fi epo pa á, sìmẹ́ńtì ò ní rí ibi dì mọ́. Ó tún ń mu omi, kí ẹ tó mọ̀, ẹni tó ń po ó á ti bomi sí i jù.

Ẹ ó ti rí i pé iyọ̀ la lò níbí, ọṣẹ la sì lò fún ti ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe àṣìṣe. Ọṣẹ ń tú àwọn hóró amọ̀ ká, kí a lè rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ló sì fi ń pẹ́ tó ọjọ́ kejì. Iyọ̀ ń kó wọn jọ, kí wọ́n tètè wálẹ̀, kí bíríkìlà tó ń kánjú lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí kó tó di ọ̀sán. Bí iyanrìn bá kùnà, kì í ṣe pé ẹ ó dà á nù. Ẹ lè fi omi ṣàn án, tàbí kí ẹ ní kí onítípà wá gbé ẹrù rẹ̀. Ó sàn kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà tí típà ṣì wà lórí ìdúró, kí ìjà tó di ti ẹni tó ti gbowó lọ. Mo ti mú ike kan àti iyọ̀ sínú àpótí irin-iṣẹ́ mi báyìí, àwọn onítípà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọ̀gá ti di dókítà iyanrìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: omi mímu

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tòrò àti ọ̀rọ̀ mọ́ ti pínyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi yé àwọn ọmọ dáadáa. Omi lè tòrò kó má mọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ojú rí ti lọ sísàlẹ̀, àmọ́ kòkòrò àrùn tí ojú ò rí kì í bá a rọ̀ tán.

Bí omi bá rú jù, álọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, ilé iṣẹ́ omi ńláńlá náà ń lò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń pa agbára iná ara hóró amọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á wúwo. Ẹ so òkúta álọ́ọ̀mù mọ́ ẹnu igi tàbí kí ẹ fọwọ́ dì í mú, kí ẹ máa fi ro omi náà yíká. Bí ẹ bá ti rí i tí ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í dì pọ̀ bí òwú kéékèèké, ẹ yọ álọ́ọ̀mù kúrò kíá. Ẹni tó bá rò ó jù, ẹnu á máa kan án. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra rò ó díẹ̀ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ kó tòrò. Ẹ rọra bu òkè rẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e kaná. Kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí oògùn apakòkòrò oníkiloríìnì lẹ ń lò dípò iná, inú omi tó ti tòrò ni kí ẹ dà á sí. Inú omi tó ṣì rú, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á jẹ agbára oògùn náà tán kó tó kan kòkòrò.

Aládùúgbò wa kan, ìyá arúgbó Hausa tí a ń pè ní Hajiya, kì í ra álọ́ọ̀mù. Hóró èso mọ̀ríńgà ló ń lò, zogale ni wọ́n ń pè é. Ó ń bó èèpo rẹ̀, ó ń gún ti inú rẹ̀, ó ń fi omi díẹ̀ po ó kó tó dà á sínú omi tó rú. Ó ń ṣiṣẹ́, ojú mi ló ṣe. Àmọ́ omi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, nítorí oúnjẹ wà lára hóró náà, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti táńkì orí ilé, kí ẹnu páìpù tó ń gbé omi lọ sínú ilé ga díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè ráyè jókòó síbẹ̀. Kí ẹnu kejì sì wà nísàlẹ̀ pátápátá tí ẹ ó máa ṣí láti fi tú u jáde. Ọ̀pọ̀ púlọ́ńbà kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ yìí àyàfi bí ẹ bá bá wọn jà. Ẹ ti ẹ̀rọ pa fún wákàtí díẹ̀ kí omi sinmi, kí ẹ tó tú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá tú u lẹ́yìn tí ọkọ̀ omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn omi sí i tán, ìrú ni ẹ ń tú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo odò

Odò Ọya, tí ìwé ń pè ní Niger, ń ṣe ohun tí ike Dámilọ́lá ń ṣe, tirẹ̀ kàn gùn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni. Àwọn tó ń gbé nítòsí Kainji, níbi tí ìdídò tí wọ́n parí ní 1968 wà, mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni odò náà ń kún. Ìkún kìíní ń bọ̀ lásìkò òjò wa níhìn-ín, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Àgbàrá ló ń gbá ilẹ̀ àríwá wá sínú rẹ̀, omi náà á sì funfun bí omi ògì. Ìkún funfun ni wọ́n ń pè é. Ìkún kejì ń dé lópin ọdún wọ ọdún tuntun, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí òjò kankan ò rọ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìkún dúdú ni orúkọ tirẹ̀.

Ẹ fura o: dúdú tí wọ́n pè é yìí, omi tó mọ́ ni. Àwọn òkè Gíní ni òjò rẹ̀ ti rọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gba inú irà ńlá kan kọjá ní Málì, ibi tí odò náà ti fọ́n ká bí omi tí wọ́n dà sórí àwo pẹrẹsẹ. Omi tó bá tẹ́ kì í sáré, èyí tí kò sì sáré ò lè ru ẹrù. Ibẹ̀ ló ń já gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí, tó fi jẹ́ pé omi tó tòrò ló ń dé Nàìjíríà. Ẹ bá wo omi jíjìn tó mọ́, kò ní funfun, ṣe ni yóò dúdú. Bí ọmọ bá ti lóye ike orí tábìlì, ìtàn yìí ò ní le fún un rárá.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìdídò. Odò tó ń sáré bọ̀, ó dé ibi tí wọ́n dí i, ó dúró, ẹrù rẹ̀ bọ́. Ọdọọdún ni àyè omi ń dín kù. Ní Lokoja, níbi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé, ìsàlẹ̀ odò kì í jinlẹ̀ tó fún ọkọ̀ ojú omi ńlá lẹ́ẹ̀rùn nítorí ohun tó ti rọ̀ síbẹ̀. Ìyẹn ni ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwa odò náà ní 2009, láti Baro ní ìpínlẹ̀ Niger lọ sí Warri. Ẹ ò ní gbọ́ kí oníròyìn pe ohun tí wọ́n ń wà yẹn ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, "iyanrìn" ni wọ́n máa ń sọ. Bí mo bá jẹ́ olóòtú wọn, "iyanrìn àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ odò" ni mo máa kọ, torí méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe òfò fún gbogbo èèyàn. Àgbẹ̀ fàdámà ń retí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bí ẹni retí owó oṣù. Nígbà tí odò bá fà sẹ́yìn, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ á lọ́ràá, á sì máa tutù fún ìgbà pípẹ́, lórí rẹ̀ ni àlùbọ́sà àti tòmátì ti ń jáde. Àwa tí a ń ra tòmátì lápẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ la ń jẹ lọ́nà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ilé ìdáná, àti ẹnu

Ẹmu ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Epo pupa tó ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì ní in, àgbo ní in. Bùrùkùtù tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ní àwọn apá ibí yìí náà ní in. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló rí ìkùdíẹ̀-káàtó ìbéèrè mẹ́ta tí mo fi kọ́ ọmọ. Ó ní, "Bàbá Dámi, ògì ńkọ́? Inú omi ló wà, ó rọ̀ sísàlẹ̀, bí o bá rò ó á gbéra." Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá pe ògì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ níwájú ìyá ológì, kó múra àtisá. Omi orí rẹ̀ la ń ṣẹ́ dànù, ìsàlẹ̀ la fẹ́. Nítorí náà mo fi ìbéèrè kẹrin kún un: Ṣé ohun tí a fẹ́ ni, àbí ohun tí a ń yẹra fún? Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni èyí tí a ń rọra ṣẹ́ omi fún kó má bàa tẹ̀ lé e. Èyí tí a fi asẹ́ sẹ́ kúrò lára ògì, eérí nìyẹn, kò tilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi rí. Kunu náà, mímì là ń mì ín ká tó mu ún, kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ níbẹ̀. (Àgbẹ̀ fàdámà fẹ́ tirẹ̀, mo mọ̀. Òun ò mu odò náà ni.)

Lẹ́nu àgbà, ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú omi tipẹ́. Ìjà ìdílé tó ti rọlẹ̀, tí ẹnì kan tún fẹ́ fà jáde níbi ìsìnkú, ẹ lè sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, má rú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ pé ẹ ò sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ẹ ní ó ti lọ sísàlẹ̀ ni. Tòrò náà ṣe bẹ́ẹ̀: ilé tòrò, ìlú tòrò minimini. Ẹ tẹ́tí sí "rúkèrúdò" pàápàá, ẹ ó gbọ́ "rú" àti "odò" nínú rẹ̀.

Ẹ má wá fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣàpèjúwe títì tí òjò bà jẹ́. "Ọ̀nà yìí kún fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀" ò bójú mu, ẹrẹ̀ tàbí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ló ni ibẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ọ́ lórí fóònù, ẹ fi àmì sí i. Dámilọ́lá tẹ "gedegede wa ninu omi" ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ìyá rẹ̀ fèsì pé, "Kí ló hàn gedegbe nínú omi?" Gedegbe tí í ṣe kedere, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀tá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n sì jọra gan-an bí àmì bá ti kúrò. Omi tòrò àti tọrọ omi náà, ẹ ṣọ́ra fún wọn. Èyí kìíní, omi sinmi. Èyí kejì, òùngbẹ ń gbẹ yín.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má da ike náà sínú síǹkì o. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á jókòó sí kọ́nà páìpù, púlọ́ńbà á sì wá gba owó yín. Ìdí ewédú tí ìyàwó mi gbìn sẹ́yìn ilé ni mo ní kí Dámilọ́lá da tirẹ̀ sí. Ó kọ́kọ́ ṣẹ́ omi òkè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tẹ orí wálẹ̀, kí ìsàlẹ̀ má bàa rú.